Agbádá Ọjọ́ Ìdánrawò

Òórùn èédú ló jí mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, nílé wa ní Sákétè. Bàbá mi ń fi ìlọṣọ eléèédú lọ agbádá funfun rẹ̀, omi tó wọ́n sí i ń dún ṣàà. Iṣẹ́ sẹmijaan ni bàbá ń ṣe, ó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ẹ̀wù iṣẹ́ nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀. Mo bi ìyá mi pé ta ló kú. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

Inú ń bí mi sí bàbá nígbà náà. Ọjọ́ Sátidé ni fẹ́tì, àjọyọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, èmi ni wọ́n sì yàn láti dá orin. Bàbá ní òun kò ní lè wá, torí ọjọ́ náà ni èrò máa ya wá láti Takon àti Agidi, ohun tí a ó jẹ lóṣù náà sì wà lórí alùpùpù òun. Mo sunkún títí imú mi fi dí. Bàbá kò wí ju "Ọ̀nà kan ò wọjà" lọ.

Lọ́sàn-án, a tò sábẹ́ igi máńgòrò fún ohun tí olùkọ́ wa ń pè ní repetisíọ̀n. Ìdánrawò ni ìyá mi ń pè é: kí èèyàn dán ara rẹ̀ wò níbi tí àṣìṣe kò ti ní dójú tì í. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni alùpùpù dún. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ tòun ti agbádá! Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, orin sì fò lọ lórí mi.

Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní mùṣé, ní, "Bàbá, Sátidé mà ni fẹ́tì o!"

"Tiyín ni Sátidé, mùṣé," ni bàbá wí. "Tèmi, òní ni. Ẹ jẹ́ kó tún un dá, n ò kánjú."

Áà, ayọ̀! Mo dá orin náà débi pé àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà dúró. Bàbá pàtẹ́wọ́, ó gbọn agbádá, ó ní, "O káre, ọmọ mi," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Sátidé dé, ẹ̀rù kankan ò bà mí.

Lónìí, èmi ni mo ń darí akọrin ìjọ wa ní Pobẹ̀, èrò a sì máa kún ilé náà. Síbẹ̀, kí n tó gbọ́wọ́ sókè, àga tó ṣófo lojú mi kọ́kọ́ ń wá, kì í ṣe àwọn tó wá. Ọmọ ọjọ́ yẹn gbọ́n jù mí lọ: ẹnì kan ṣoṣo ló kọrin fún, ó sì tó o.