Ọjọ́ Tí Àfúsá Jáde Opó Lọ Wo Fíìmù

Ẹ̀gbọ́n mi Àfúsá kì í wo fíìmù ní jẹ́jẹ́. Bí ẹnì kan nínú fíìmù bá fẹ́ ṣìṣe, á pariwo mọ́ ọn: "Má mu omi yẹn o! Ìyá ọkọ rẹ ló bù ú o!" Gbogbo àdúgbò wa ní Òwu ló mọ̀ ọ́n sí Àfúsá Sinimá. Ó ti ní ọmọ-ọmọ, ó ń ta ṣúgà àti mílíìkì nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n bí fíìmù tuntun bá dé, ilẹ̀kùn títì ni oníbàárà máa bá. Èmi Bùsírátù, àbúrò rẹ̀, tí mò ń ta bọ́tìnnì àti síìpù ní Ìtòkú, ojú ti tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ìtìjú fi sú mi.

Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún fíìmù nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà, òun àti Sàlàhúdíìnì ọkọ rẹ̀ kò sì pa á jẹ rí. Ti ọdún yìí tún wá yàtọ̀, nítorí pé òpópónà wa níbí gan-an ni wọ́n ti ya fíìmù tí wọ́n fẹ́ fi ṣí i. Nígbà tí wọ́n ń yà á, tọkọtaya yìí kò kúrò lójú fèrèsé. Sàlàhúdíìnì sọ pé, "Ìyá Diméjì, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde, iwájú pátápátá la máa jókòó sí." Fíìmù kò tíì jáde tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú un lọ. Kí Ọlọ́run Ọba dárí jì í.

Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin fi ń ṣe opó ọkọ rẹ̀. Kò ní lé tìróò, kò ní lo lọ́fínńdà, kò sì ní jáde lọ ṣe fàájì. Ọládiméjì, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbarà, ló bá ìyá rẹ̀ ka ọjọ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jáde. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tó jẹ́ pé Sátidé yìí ni fíìmù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Àánú ẹ̀gbọ́n mi ṣe mí débi pé láàárọ̀ Sátidé náà mo ti ìsọ̀ mi pa, mo gbé mọ́ínmọ́ín, mo lọ jókòó tì í.

Ibẹ̀ ni àwa àti Diméjì wà tí Ààfáà Jùbrílù ti mọ́ṣáláṣí wa fi wọlé. Wọ́n kí wa, wọ́n wo Àfúsá láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìyá Diméjì, kí lẹ ṣì ń fi aṣọ opó ṣe lára?"

Diméjì ló dáhùn. "Ààfáà, ó ku ọjọ́ méjì. Èmi ni mo kà á lórí kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì wa."

Ààfáà bú sẹ́rìn-ín. "Kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì! Ṣé owó oṣù lẹ fẹ́ san fún màmá yín ni? Oṣù ojú ọ̀run la fi ń ka opó, ó sì máa ń yá ju ti ara ògiri lọ. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé nígbà tí a sin bàbá yín. Màmá yín ti parí opó láti ìjẹta."

Mo fò sókè. Diméjì dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àfúsá kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mò ń wo oṣù lójú fèrèsé."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?" mo ní. "Ẹ mọ̀, ẹ wá jókòó bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ni fíìmù, kò sáyè ìjà. A gbé omi fún un, ó wẹ̀, Ààfáà ṣe àdúà, wọ́n gba sàráà wọn, wọ́n lọ. Tóyìn, aládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, sáré wá bá a di irun. Irun náà ti ta kókó. Tóyìn ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé orí ìkókó ló wà lọ́wọ́ òun. Wọ́n ti mú iná lọ, nítorí náà ayọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi lọ bùbá rẹ̀, iná ẹ̀ ta sí mi lọ́wọ́, mo ṣépè fún àwọn oníná. Ní ìkẹyìn mo lé tìróò fún un. Ẹwà rẹ̀ yọ padà. Mo sọ fún un pé ó lẹ́wà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Diméjì ti tan mọ́tò. Àfúsá dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sórí àga tó wà níbẹ̀, ó tú gèlè.

"Ẹ máa lọ."

"Àǹtí mi, ẹ má dán mi wò lónìí o! Ọwọ́ mi tó jóná ńkọ́?"

"Bùsírátù, ọkọ mi kò wo fíìmù kankan parí rí."

N kò lóye. Ó ní, "Bí wọ́n bá ti pa iná gbọ̀ngàn báyìí, ó ti sùn lọ nìyẹn. Bí a bá wá ń bọ̀ nílé, á ní, 'Ìyá Diméjì, kí ló wá ṣẹlẹ̀?' Èmi á sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti Ìbarà dé Òwu. Nígbà mìíràn a ti délé, a ṣì máa dúró níta kí n lè sọ ọ́ tán. Ohun tí mo ń wo fíìmù fún nìyẹn. Ta ni mo fẹ́ sọ tòní fún?"

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé fíìmù ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn. Ó dùn mí wọra. Mo kúnlẹ̀, mo bá a wé gèlè náà padà. "Ẹ jẹ́ ká kàn lọ jókòó. Bí kò bá bá yín lára mu, a ó máa bọ̀." Ó pẹ́ kó tó dìde.

A rí òpópónà wa nínú fíìmù, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Àfúsá kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn di ọwọ́ mi mú, èmi náà sì lajú sílẹ̀ wò ó dé òpin, mo tilẹ̀ sunkún nígbà tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ fi ilé sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a wọ mọ́tò. Diméjì ń wakọ̀. Nígbà tí a kúrò ní Ìbarà, mo ya ẹnu, mo yán.

"Àǹtí mi, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin yẹn?"

Ó yíjú sí mi. Ojú mi ṣì wú fún ẹkún, ó sì rí i.

"O sùn ni?"

"Oorun gbé mi lọ, mà."

Ó wò mí títí. Ó fi etí gèlè nu ojú, tìróò sì ba gèlè náà jẹ́.

"Ó dáa," ó ní. "Gbọ́. Ṣé o rántí ibi tí bàbá rẹ̀ ti lé e jáde?"

Diméjì dín eré mọ́tò kù.