Ìgò Tí Wọ́n Dà Nù Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

Ní gbogbo Kumasi, kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń pa ohun olóró mọ́ tó èmi. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Kíláàsì méjì péré ni mo kà kí bàbá mi tó mú mi kúrò nílé ìwé, síbẹ̀ àwọn tó gboyè nílùú òyìnbó máa ń dúró kí n ṣílẹ̀kùn fún wọn kí wọ́n tó wọ ilé ìpamọ́ mi. Bí ilé ìpamọ́ náà ṣe di tèmi ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn ará àdúgbò Alabar kan ṣì ń yínmú sí mi, wọ́n fẹ́ kí n tijú. Ojú kò tì mí.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí kékeré kan ni, lẹ́yìn àdúgbò Tafo. Wọ́n ń fi omi oògùn kan bọ́ igi kòkó kéékèèké níbẹ̀ láti mọ ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé ewé. Oògùn yẹn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ìtànṣán ló ń ti inú rẹ̀ jáde, ó sì lè máa jẹ ara èèyàn láìdun onítọ̀hún. Gbogbo omi tí wọ́n bá fi fọ ife àti abọ́ wọn, inú ìgò ńlá ni wọ́n ń dà á sí. Wọ́n á lẹ bébà aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọn, àwa lébìrà á wá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, a ó gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ ní ògiri méjì-méjì. Ibẹ̀ ló máa jókòó sí títí agbára rẹ̀ á fi kú. Ọ̀gá wa, ọmọ Ashanti tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, ló ṣàlàyé fún wa. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, agbára rẹ̀ á dín sí ìdajì. Ọjọ́ mẹ́rìnlá mìíràn, ìdajì ìyẹn náà á tún lọ. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá pé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a lè dà á sí kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún un, kí a fi omi púpọ̀ lé e.

Àwa méjì là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kejì mi jù mí lọ dáadáa, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Yorùbá ni bíi tèmi, ṣùgbọ́n Alabar ni wọ́n bí i sí, Twi sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ náà, mi ò sẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Ó gbọ́ pé mi ò ríṣẹ́, ó bá Dókítà sọ̀rọ̀. Ó sì ń rán mi létí lójoojúmọ́. Bí àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ bá wà nítòsí, á ní, "Ẹ wá wo Prọ́fẹ́sọ̀ oníkíláàsì méjì. Èyí tó kà kò tó fi kọ lẹ́tà, ó kàn tó fi ba orí rẹ̀ jẹ́ ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rín in. Bẹ́ẹ̀ òun kò wọ kíláàsì kankan láyé rẹ̀.

Lọ́dún 1969, Dókítà rìnrìn àjò lọ sókè òkun fún oṣù mélòó kan, ó sì fi kíka ọjọ́ ìgò kan lé wa lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé tí òun kò sí nílé, kí a dà á. Ẹ̀gbọ́n mú okùn, ó ń ta kókó kan láràárọ̀. Èmi mú èédú, mò ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ògiri ilé ìpamọ́. Kí Dókítà tó lọ, mo bi í bóyá ọjọ́ tí a dé ìgò wà nínú kíkà. Ó ní rárá, ọjọ́ kan kò tíì pé àfi kí oòrùn yí padà dé ibi tó wà nígbà tí a dé e. Ẹ̀gbọ́n kò bi í. Bí àwọn òbí wa ṣe ń ka ọjà ló ṣe kà á: ọjà òní jẹ́ ọ̀kan, ọjà tó ń bọ̀ náà wà nínú rẹ̀, a ó wá pè é ní ọrún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin péré lèèyàn fi dúró. Kókó kẹrìnlá tó bá ta, òun náà ló tún ń kà sí kókó kìn-ín-ní ti ọ̀wọ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kan ń bọ́ lọ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀wọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn.

Mo ti rí i láti ọ̀wọ́ kejì. Mo panu mọ́, mo jẹ́ kó máa ta kókó rẹ̀ lọ. Nígbà náà, mo kàn fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn obìnrin agbálẹ̀ ni.

Dókítà ti dé nígbà tí ìjọba kéde pé àlejò tí kò bá ní pámíìtì ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún un ní Ghana. Kumasi dàrú. Àwọn èèyàn wa ń ta ẹní, ìkòkò àti ẹ̀rọ ìránṣọ ní owó pọ́ọ́kú ní ọjà Kejetia. Dókítà pe àwa méjèèjì. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kí òun kọ lẹ́tà pámíìtì fún, ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ìpamọ́. Òun ń lọ sí Accra. Bí òun bá dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun á sọ ẹni tí òun mú.

A mọ ẹni tó máa mú. Ẹ̀gbọ́n ti pẹ́ níbẹ̀, ó níyàwó, ó bímọ mẹ́rin, kò sì fẹsẹ̀ tẹ Nàìjíríà rí. Èmi àpọ́n ni mí, lọ́rì tó gbé mi wá lè gbé mi padà. Òun fúnra rẹ̀ ní kí n má bínú, òun á bá mi wá lọ́rì tí awakọ̀ rẹ̀ kì í mutí.

Ní Fúráìdè, ó ta kókó tó kẹ́yìn. Ó ní kí n wá bá òun gbá ìgò náà mú lápá kan. Ògiri mi ṣì ku ìlà mẹ́wàá. Ẹ dúró, Ẹ̀gbọ́n: gbogbo ohun tí mo ní láti sọ kò ju ìyẹn lọ. Ó dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, mo lọ jókòó sábẹ́ igi. Mo ń wò ó bó ṣe dá ìgò yẹn gbé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó rọra ń dà á sínú kòtò, tó ń fi omi lé e, korobá lẹ́yìn korobá. Kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó fọ ìgò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú oòrùn, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ dúró de Dókítà lẹ́nu géètì. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé ojú kòtò. Ẹ̀rọ yẹn kò ju páálí bàtà lọ, ó máa ń ta kẹ́kẹ́ bó bá rí ìtànṣán. Kò pariwo lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ta ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n sáré lọ mú okùn rẹ̀ wá, ó nà án sílẹ̀. Dókítà kà á, ó rí ibi tí kókó kan ti ń ṣiṣẹ́ méjì. Èmi wá mú un lọ sẹ́yìn ògiri. Ìlà mi tò ṣánṣán, márùn-ún márùn-ún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní orí mi ni.

Ó ní ohun tó kù nínú omi yẹn kò tó pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣi ọjọ́ eléyìí kà, ó lè ṣi ti èyí tó ń pani kà lọ́la. Àgbàlagbà náà kúnlẹ̀, ó ń fi Twi bẹ̀ ẹ́: "Mesrɛ wo, Owura." Dókítà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúkọ mi ló kọ sínú lẹ́tà.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n ń kó ẹrù sí lọ́rì ní Kejetia. Mo lọ síbẹ̀. Mi ò lọ dágbére, mo kàn fẹ́ rí i ni. Ẹ̀gbọ́n tajú kán rí mi, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ kò tíì pé?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọ̀wọ́ kejì."

Ìyàwó rẹ̀ tó ń di ẹrù tutọ́ sílẹ̀, ó sọ ohun kan ní Twi tí mi ò ní tún sọ níbí. Ẹ̀gbọ́n kò bú mi. Ì bá bú mi, ìyẹn ni mo wá gbọ́. Ó ní ìyá òun wà ní itẹ́ òkú Tafo, gbogbo ẹbí ló sì ti wà nínú lọ́rì yìí, kò sẹ́ni tí yóò máa ro ibojì náà mọ́. Ó ní ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi ni itẹ́ náà wà.

"Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àbúrò. Kí igbó má bò ó."

Mo ní kó gbé ìyá rẹ̀ dání.

Lọ́rì wọn lọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ náà kọjá, igbó ibẹ̀ ti dé àyà èèyàn. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀, mi ò sì bèèrè.