Àpótí Ìbò Tó La Ọ̀nà fún Ìyá Sayrakan

Ní òkè Kök-Jar níbi tí à ń gbé, bí yìnyín bá ti dí ọ̀nà, ẹṣin nìkan ló ń gbéni dé ìsàlẹ̀. Orúnkún Ìyá Sayrakan, aládùúgbò wa, kò sì gba ẹṣin mọ́. Nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ sí ìlú nísàlẹ̀, ìyá bẹ ìjọba pé kí wọ́n fi katakata kó yìnyín kúrò lọ́nà. Wọ́n ní kò sówó. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ìyá àgbà rẹ̀ kò tíì fojú kàn án.

Ni ìjọba bá tún gbé ìbò dé, èyí tí wọ́n fi ń bi gbogbo ará ìlú bóyá kí wọ́n yí òfin ilẹ̀ wa padà. Bí aláìlera bá sì béèrè, dandan ni kí wọ́n gbé àpótí ìbò wá bá a nílé. Ìyá ránṣẹ́ sí wọn pé, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹ gbé e wá."

Katakata dé lóòótọ́, ó ń ti yìnyín sọ́tùn-ún sósì. Esenaly, ọ̀gá elétò ìbò, tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ ìjọba pẹ̀lú àpótí ìbò, òun àti ọlọ́pàá kan.

"Ẹ kú ilé, ìyá. Ẹ tètè dìbò o, ẹ̀fúùfù fẹ́ tún fi yìnyín dí ọ̀nà yìí."

"Láìjẹun? Mo ti pa àgùntàn."

"Ìyá, ìbò kan péré! Ṣé ẹ mọ iye epo tí katakata yẹn mu?"

"Ṣé èmi ni mo bi ara mi léèrè ni? Ìjọba ló bi mí, mo sì ń ronú. Jókòó jàre. Àbí o fẹ́ kọ ẹran àlejò?"

Ta ló jẹ́ dán an wò níbi tiwa? Wọ́n jókòó. Ẹran kò tètè jinná, nítorí ìyá ń yọ́ yọ igi kúrò lábẹ́ ìkòkò. Ó ka ìwé ìbò, ó tún un kà, ó ní kí ọlọ́pàá bá òun wá gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ló wà. Fèrèsé ló ń wò.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ kékeré kan gòkè bọ̀ lójú ọ̀nà tí katakata là. Ìyá ti sáré jáde lọ pàdé ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀.

"Háà! Ìyá, ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?"

"Ẹṣin ló kọ̀, kò kọ ọmọ-ọmọ mi!"

Ó gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ wọn, ó gbé e wọlé, ó ṣí aṣọ lójú rẹ̀. "Esenaly, wá wo ẹni tí o la ọ̀nà fún."

Esenaly bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ìgbà tó wò ó tán ló tó rántí pé, níbi tiwa, a kì í fọwọ́ lásán wo ojú ọmọ tuntun, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i gbọ́dọ̀ fún un lówó. Kíá ni ọlọ́pàá ti kọjú sí ògiri.

"Ọ̀gá," ni ọlọ́pàá wí láti ibẹ̀, "ṣé ìjọba ni yóò san ìyẹn náà?"

Esenaly mí kanlẹ̀, ó kọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀, ó fi owó há aṣọ ọmọ.

"Ó yá, ẹ gbé bírò wá," ni Ìyá Sayrakan wí. "Mo ti ronú tán."