Ọlápàdé, Olùwádìí Ìdílé Àna

Ayé tí Ọlápàdé ń gbé fi ohun kan ṣoṣo yàtọ̀ sí tiwa. Níbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí ẹni tó ronú láti fi àwọ̀ ara pín ọmọ aráyé. Wọ́n ń rí àwọ̀ bí a ṣe ń rí ìka gígùn. Wọ́n á rí i, wọ́n á kọjá.

Ìyókù, bákan náà. Sùúrùlérè wà níbẹ̀. Iná ń lọ, iná ń bọ̀.

Ẹ má sì rò pé wọn ò ní ohun tí wọ́n fi ń kọ ara wọn. Wọ́n ní i rẹpẹtẹ. Ìdílé tó ń hanrun. Ìdílé tó ń bínú nídìí oúnjẹ. Ìdílé tí kì í dá abọ́ padà. Kí ọmọ tó fẹ́ ọmọ, àwọn òbí á kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ wádìí. Iṣẹ́ Ọlápàdé nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, bàbá Òkìkíọlá. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì oníbẹ́ǹṣì, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò béèrè. Ó ní òun lè dá olùwádìí ẹgbẹ́ òun mọ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó kún fún fáìlì. Àṣírí igba ìdílé. Òkìkíọlá ní kí wọ́n kó wọn dànù, kí wọ́n gba ayálégbé síbẹ̀. Bàbá ò gbà. Ayálégbé tó bá yọjú, á fi ọ̀rọ̀ lé e lọ.

Lóṣù kẹta, Òkìkíọlá mú ọ̀rọ̀ Bright wá sílé. Ará Bergen lókè òkun ni baba ńlá ọmọkùnrin náà. Panla ló kó wá sí Ìdó, ata ló fẹ́ rà lọ, kò lọ mọ́. Ọlápàdé wádìí wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò rí àléébù kankan. Ó dùn ún díẹ̀.

"Ó ku tiwọn," Òkìkíọlá wí. "Wọ́n á rán ènìyàn wá wádìí wa. Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ọkùnrin yìí ni mo fẹ́. Ẹ má ṣe nǹkan kan."

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?"

"Ohun tí ẹ ń rò báyìí."

Ohun tó ń rò ni pé kí òun tètè dá olùwádìí náà mọ̀, kí òun sì fi mọ́ọ̀tì tútù rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó lọ jókòó lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà níwájú ilé, ó ń ṣọ́nà. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan ń bọ̀, òórùn panla ń bú sọ lára rẹ̀. Ọlápàdé dìde, ó dì mọ́ ọn, ó ra mọ́ọ̀tì méjì fún un, ó ń ròyìn ìwà rere ìdílé Ọlápàdé. Ọkùnrin náà mu méjèèjì tán. Mítà iná ló wá kà.

Lọ́jọ́ kẹrin, Salome dé, àbúrò bàbá Bright. Ara rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù. Irun rẹ̀ pọ́n bí epo. Nínú ayé tiwa, ọmọ ọdún mẹ́ta á ti mọ ibi tó ti wá. Ọlápàdé wo bàtà rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀: ọṣẹ lásán. Ó gbọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀: ọmọ Èkó pọ́ńbélé. Ayálégbé, ó sọ nínú ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ló nilé tó ní géètì aláwọ̀ ewé yẹn?" Ilé Ọlápàdé gan-an ló nawọ́ sí.

"Onílé yẹn? Ẹ má débẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ló ń kọ orin ìsìn. Ohùn bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú rẹ̀."

"Ó mà ṣe o. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn? Tó bá wẹ̀, omi àdúgbò ti tán. Tó bá bá yín jiyàn, ẹ lè lọ Jíbówú kí ẹ padà, kò tí ì parí."

"Ṣé kò sí wèrè nínú ìdílé náà ṣá?"

"Kò tí ì dé. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò nílé, ó wà lọ́nà."

Obìnrin náà dúpẹ́. Ọlápàdé padà sídìí ìṣọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ayálégbé kan ti dín.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹbí Bright wá jábọ̀. Ọlápàdé ṣì wà ní yàrá, ó ń de bọ́tìnnì, nígbà tó gbọ́ ohùn kan ní pálọ̀. Ó gbójú wò láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ayálégbé ọjọ́sí. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kà: orin ìdájí, omi àdúgbò, wèrè tó wà lọ́nà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Òkìkíọlá béèrè.

"A kì í dárúkọ ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀. Má bínú, ọmọ mi. A ò lè ṣe é."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Tí Ọlápàdé bá gba ibẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Tó bá yọjú, gbogbo Sùúrùlérè á gbọ́ pé olùwádìí jókòó ti Ọlápàdé, kò mọ̀ ọ́n. Ó dúró kí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iyàn. Òkìkíọlá tẹrí ba. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

Ọlápàdé ṣí kọ́tìnì.

"Èmi ni."

Salome wò ó. "Ẹ̀gbọ́n ọ̀dọ̀ onítáyà?"

"Mo rò pé ilé lẹ ń wá."

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ níta."

"Màá sọ ọ́." Ẹ̀rín ò jẹ́ kó rí ìwé rẹ̀ kà mọ́. Ó fà á ya. "Ẹnu onílé kì í ṣe ẹ̀rí. Ta lẹ bá jà jù ládùúgbò yìí?"

Ọlápàdé mọ òfin. Ọ̀tá là ń bi. Ó nawọ́ sí ilé òdìkejì, ilé Ìyá Quadri. Ọdún méje rèé tí obìnrin náà kò ti jẹ́ ìkíni rẹ̀, láti ìgbà tí Ọlápàdé ti kọ ọ́ síwèé pé ọmọ obìnrin náà máa ń jagun lójú oorun, tí ẹbí ìyàwó sì tìtorí ẹ̀ sá lọ.

Gbogbo wọn kọjá síbẹ̀. Ìyá Quadri ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Ó wo Ọlápàdé láti orí dé ẹsẹ̀. Kò kánjú.

"Ọmọ náà dára," ó ní. "Òun ló ń pọn omi fún mi nígbà tẹ́sẹ̀ ń dùn mí."

"Bàbá ńkọ́?"

"Gbogbo ohun tó sọ nípa ara ẹ̀, òótọ́ ni. Ẹ kọ ọ́."

Salome kọ ọ́. Ó pa ìwé dé.

"Ọmọ là ń gbé níyàwó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́."