Ọjọ́ Tí A Lọ Kí Ọba Kàdúná

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Kàdúná, ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Àwọn Òyìnbó ló tẹ ìlú náà dó láti máa ti ibẹ̀ ṣàkóso gbogbo Òkè Ọya, wọ́n sì ṣe é rèǹtèrente: títì gbòòrò, igi máńgòrò tó tò bí ọmọ ilé-ìwé, ọ́fíìsì lọ́tùn-ún lósì. Mo gbà pé bí ọ̀run ṣe rí nìyẹn.

Lẹ́tà tí mo gbà nílé, ní Ìlọrin, sọ pé kí n dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn yóò gba iṣẹ́ olùkọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àfáà tó sìn mí lọ, kò ka lẹ́tà sí. Ó ní àlejò kì í wọ̀lú kó má kọ́kọ́ kí ọba. Èmi ọ̀mọ̀wé, dípò kí n ṣàlàyé pé ìjọba ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọba, mo ní gómìnà Òyìnbó ló dúró bí ọba. Ilé gómìnà ni mo fẹ́ rí, kí n lè fi ṣe fáàrí nílé.

A fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú obì gooro nínú ewé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi Hausa sọ fún ọlọ́pàá ẹnu géètì pé ọba la wá kí.

“Màlámù, ṣé ẹ ti kọ̀wé?”

“Kí n kọ̀wé kí n tó kí ọba?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lè fèsì lóṣù tó ń bọ̀.”

Aago kan ti lù kí a tó dé ilé-ìwé. Ẹlòmíràn ti jókòó, ó ń retí kí wọ́n kọ orúkọ òun. Ọ̀gá, àgbàlagbà Hausa kan, bi mí léèrè ibi tí mo wà. Bí mo ṣe ń wá irọ́ tó bójú mu, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti sọ òótọ́. Ọ̀gá wò wá títí. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti wà ní Kàdúná, òun kò tíì rí ẹni tó béèrè ẹni tó nìlú. Ó ní kí n wọlé, ó sì bẹ ẹnì kejì pé kó padà wá ní sáà tó ń bọ̀.

Ọdún púpọ̀ ni mo fi ìtàn yìí pa àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́rìn-ín. Nígbà tó di 1966, títì gbòòrò náà wúlò gan-an fún ọkọ̀ àwọn sójà. Olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, tí a jọ ń gbé, ń di ẹrù rẹ̀, nítorí wọ́n ti ń pa àwọn Ìgbò kiri Òkè Ọya. Ó bi mí pé, “Tíṣà, ta ni mo lè lọ bá, kó bá mi sọ fún wọn pé ará ibí lèmi náà?”

Mo ronú kan gbogbo ọ́fíìsì tí mo mọ̀. N kò rí ẹnì kan dárúkọ. Mo bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n: bí ẹ bá dé ìlú tí ilé rẹ̀ wù yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa ń jáde síta bí àlejò bá ké gbàjarè.