Omi Tí Ìyá Mi Gbé Lọ sí Káńsù

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dúdú nínú epo gbígbóná ló máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Dòdò Ìkirè ni ìyá mi ń dín tà létí títì, níbi tí àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Ifẹ̀ ti máa ń dẹwọ́ eré. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo jí, n kò gbóòórùn kankan. Mo bọ́ síta, mo bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà tòun ti korobá òfìfo lọ́wọ́, ó kọjú sí ìsàlẹ̀ àdúgbò níbi tí ẹ̀rọ omi wa wà. A ò gbọ́ kíké irin rẹ̀, a ò gbọ́ ariwo àwọn tó ń du ipò lórí ìlà. Ẹ̀rọ ti kú.

Àdúgbò tuntun ni tiwa, láàárín Ìkirè àti Àpòmù, níbi tí ilé alámọ̀ ti tán tí ilé búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Káńsù ló gbẹ́ ẹ̀rọ náà fún wa, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ kí omi tó jáde. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìròyìn, ibẹ̀ la ti ń jà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ru omi láìfọwọ́ dì í mú. Ara mi kì í balẹ̀ ní kíláàsì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ojú fèrèsé ni mo máa ń wò títí wọn ó fi lu agogo, kí n lè sáré lọ síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ kú, odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko kòkó bàbá mi la padà sí. Ọyẹ́ ti fa odò náà gbẹ débi pé igbá la fi ń ha omi kúrò láàárín òkúta. Ìyá mi á fi álọ́ọ̀mù sí i, á sè é, á sẹ́ ẹ, síbẹ̀ á ṣì máa rí bí ẹ̀kọ tí wọ́n po mọ́ ẹrẹ̀.

Ó lọ sí káńsù. N kò ní sọ èwo nínú àwọn tó wà lágbègbè wa, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ti lọ sí abúlé, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó padà lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló bá bọ̀. Bàbá mi ní kó fara balẹ̀. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́," bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ. Ìyá mi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gbójú sókè. "Òótọ́ ni, Bàbá Sìkírá. Èyí tá ò wá mú rárá ńkọ́?"

Wàsíù, àbúrò mi tí kò tíì rìn dáadáa, ló kọ́kọ́ fara gbá a. Ìgbẹ́ gbuuru ló fi bẹ̀rẹ̀, èébì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, kò sì sunkún mọ́. Àìsunkún yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ọ̀kadà ló gbé wa dé ilé ìwòsàn káńsù. Nọ́ọ̀sì po iyọ̀ àti ṣúgà sínú omi tó mọ́, ó sì ń fi ṣíbí kékeré bù ú sí i lẹ́nu láìdáwọ́ dúró. N kò lè jókòó. Mo ń yí ilé náà po, mo ń yọjú lójú fèrèsé, mo ń padà sẹ́yìn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun alásárì ni mo gbọ́ tí ọmọ náà figbe ta. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Ó ti padà dé," ó ní. "Ìyá, omi tí ẹ̀ ń mu ni kí ẹ mójú tó o."

Nígbà tí ara Wàsíù mókun díẹ̀, ìyá mi pọ̀n ọ́n, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré kan rù mí. Omi odò ló wà nínú rẹ̀.

"Màámi, ilé ìwé ńkọ́?"

"O ó lọ. A fẹ́ kọ́kọ́ dé ibì kan ná."

Lórí bẹ́ǹṣì káńsù, ẹsẹ̀ mi ò yé mì. Ìyá mi náà ń jókòó, ó ń dìde, ó ń so ọ̀já rẹ̀ tí kò tú. Nígbà tí wọ́n ní ká wọlé, ọ̀gá tó ń rí sọ́rọ̀ omi ti ń ṣàlàyé kí a tó kí i tán. "Ìyá, mo ṣáà sọ fún yín níjelòó pé ẹni tó ń tún un ṣe..."

"Mo gbọ́, ọ̀gá. N kò wá jà." Ó kúnlẹ̀, ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó bu omi náà sínú ife, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. "Omi ni mo gbé wá fún yín. Ẹ bá wa tọ́ ọ wò."

Ọkùnrin náà wo ife náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ṣé èyí lẹ̀ ń mu?"

"Òun ló gbé ọmọ ẹ̀yìn mi yìí dé ilé ìwòsàn yín. Nọ́ọ̀sì yín ló gbà á lọ́wọ́ ikú, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ilé kan náà ni gbogbo yín. Ẹ wò ó sàn ní yàrá kan, ẹ ò wá ní jẹ́ kó tún padà ṣàìsàn láti yàrá kejì."

Ọ̀gá náà dìde. Ó mú fìlà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀rọ náà," ó ní.

Ẹ̀yìn mọ́tò káńsù ni mo jókòó sí délé, mo sì ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí n kò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá fa páìpù jáde nílẹ̀, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó ti jẹ, wọ́n tò ó padà. Omi kọ́kọ́ pọ́n bí ìpẹtà, lẹ́yìn náà ló mọ́ gaara. Àwọn obìnrin àdúgbò ń jó. Ìyá mi pọn tirẹ̀, ó lọ fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì tán tó fi tún gbé ọ̀rọ̀ ààtàn ẹ̀yìn ọjà dìde. Bàbá mi kàn ń mi orí.

Ìyá mi ti sinmi báyìí. Èmi náà ti kọ́lé, lápá Àpòmù, omi sì ń yọ nínú kíṣìnì mi bí mo bá ti yí ẹnu ẹ̀rọ. Láti òjò èṣí ni afárá kékeré tó wọ àdúgbò wa ti já. Fífò làwọn ọmọ ilé ìwé ń fò ó, àwọn ńlá ń fa àwọn kéékèèké lọ́wọ́. Mo ti kọ ọ́ sórí wáásáàpù àdúgbò wa. Ẹnì kan dáhùn pé Ọlọ́run á ṣe é, àwọn yòókù ní àmín. Láràárọ̀ mo máa ń dúró lójú fèrèsé wo àwọn ọmọ náà títí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi fò kọjá, n ó wá lọ jókòó, n ó tún dìde. Sìkírá kékeré tó ru kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ náà ì bá ti wọ bàtà, ì bá ti forí lé káńsù.