Àwọn Ewéko Tó Nàró Láìní Gbòǹgbò

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì ni mí, inú mi sì tètè máa ń ru. Ọkọ mi ni kì í bínú. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Bí ọ̀gá bá bú u, á ní, "Ẹ má bínú, sà," á wálé, á sì máa sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà.

Òun ló ra ilẹ̀ tá a kọ́lé sí ní Lugbe lọ́wọ́ olórí abúlé. Nílé wa l'Ékìtì, ẹbí tó ni ilẹ̀ ló ń tà á, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. A ò bi ẹnikẹ́ni bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni l'Abuja, níbi tí ìjọba ti ni gbogbo ilẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, lọ́dún tó tẹ̀lé ìdìbò 2011, mò ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní pálọ̀ wa. Mò ń ṣàlàyé bí ewéko ṣe kúrò nínú omi: àwọn tó kọ́kọ́ jáde ń fàyà fà nílẹ̀, bí ohun tútù tó ń hù lára ògiri kànga. Nígbà tó yá, àwọn kan ní iṣan líle nínú, omi ń gbabẹ̀ gòkè, wọ́n sì nàró. Ọ̀pá lásán ni wọ́n, wọn ò léwé. Mi ò tíì dé orí gbòǹgbò tí ògiri fi dún gbàà.

Katapílà tí ìjọba fi ń wólé ni. Mo lé àwọn ọmọ gba ẹ̀yìn jáde. Mo gé ọ̀kan nínú àwọn géńdé tó bá a wá jẹ lápá títí ẹ̀jẹ̀ fi kún mi lẹ́nu. Ó fi kóńdó gbá mi, eyín mi já. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi ló dúró ṣánṣán níwájú katapílà yẹn.

"Kai! Oga, commot for there!" Awakọ̀ rẹ̀ ló pariwo pé kó kúrò níbẹ̀.

Kò mira.

"Bàbá wọn, ẹ ṣe sùúrù, ẹ kúrò níbẹ̀!" ni mo ké sí i.

"Sùúrù ti tán."

Kóńdó ni wọ́n fi fọ́ orúnkún rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Wọ́n wọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì wó ilé náà lójú wa. Mo kórìíra wọn dòní.

Dókítà ní òun ò mọ̀ bóyá ó máa fẹsẹ̀ yẹn dúró mọ́. A gba yàrá kan ní Karu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá wọn, ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn, ibo lo bá a dé?"

"Gbòǹgbò ló kù. Àwọn tó kọ́kọ́ nàró yẹn ò ní in."

"Kí ló wá dì wọ́n mú?"

"Irun wẹ́wẹ́ lásán."

Ó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, ó tẹ ẹsẹ̀ tí wọ́n fọ́ náà mọ́lẹ̀, ó dìde, ó sì ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, kò jókòó.